Ìgbà Wo Ni Ọdún Wa Ń Bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn baba wa fi ń pe ohun méjì. Bí a bá wí pé ọmọ kan ti pé ọdún méje, ọdún ni a wí. Bí a bá sì wí pé àwọn ará ìlú ń ṣe ọdún òrìṣà wọn, ọdún kan náà ni. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún ìgbà tí ó ń kọjá lọ, ó sì ní òmíràn fún ọjọ́ tí a ń pa ẹran tí a sì ń wọ aṣọ tuntun. Yorùbá kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀ ni ó fa èyí, nítorí àwọn tí wọ́n ní orúkọ fún oríṣiríṣi iṣu àti oríṣiríṣi ìlù kò lè ṣe aláìní orúkọ fún ohun tí ó tóbi tó èyí. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn àgbà kì í ka ọdún tán kí wọ́n tó ṣe é. Ṣíṣe tí wọ́n bá ṣe é ni wọ́n fi ń kà á. Nígbà tí àjọ̀dún ìlú bá tún yí po, ọdún kan ti jáde nìyẹn, òmíràn sì ti wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìkíni wa fi jẹ́ ọ̀kan náà fún méjèèjì: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, àṣèyí ṣàmọ́dún.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa nítorí ìbéèrè kan tí yóò bá olúkúlùkù wa níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ọmọdé tí ojú rẹ̀ là díẹ̀ kò ní ṣàì béèrè pé, "Olùkọ́, ọjọ́ wo gan-an ni ọdún tuntun ti àwa Yorùbá?" Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ni pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni, bí kàlẹ́ńdà ara ògiri ti wí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò padà sílé bá ìyá rẹ̀ àgbà, ẹni tí ń fi iṣu ka ọdún, yóò sì rò nínú ara rẹ̀ pé ohun tí ìyá àgbà ń kà kì í ṣe ọdún rárá. Ìdáhùn kejì, tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní, ni pé ọjọ́ kan ń bẹ nínú oṣù kẹfà tí í ṣe ọdún tuntun fún gbogbo Yorùbá. Èyí náà ní àléébù tirẹ̀, èmi yóò sì padà sórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ní agbègbè Èjìgbò, níbi tí ìlú wa Ifẹ̀-Ọ̀dàn wà, ọdún a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òrìṣà bá jẹ iṣu tuntun, àti pé ìdí tí ó dára ń bẹ tí kò fi bọ́ sí ọjọ́ kan náà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó, àti ọjọ́ Òrìṣà-ńlá. Nítorí pé àwọn àgbà a máa ka ọjọ́ tí wọ́n dúró sí mọ́ ọn, ọjà tí ó ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní ọjà ọrún. Ti ọjọ́ mẹ́jọ ni ìsán. Ti mẹ́rìndínlógún sì ni ìtàdógún. Bí a bá ka irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ 91, a ó ní ọjọ́ 364, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ dín sí ọdún oòrùn. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn baba wa kò mọ ìṣirò, kí ó gbé èyí yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ni oṣù. Níhìn-ín pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan ni fún ohun méjì: oṣù tí ó lé lójú ọ̀run, àti oṣù tí a ń kà. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò fi lé jẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àbọ̀ àti díẹ̀ lé e. Bí a bá ka oṣù méjìlá bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 354 ni a ó rí. Oòrùn ní tirẹ̀ kò ní tíì parí ìrìn rẹ̀. Yóò ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ mọ́kànlá dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta ó ti ju oṣù kan lọ. Gbogbo wa ni a mọ bí èyí ti ń rí, nítorí àwọn Mùsùlùmí ìlú wa ń ka oṣù mọ́ oṣù láìfi ohunkóhun kún un. Ní 2016, nínú oṣù kẹfà ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ara sì tutù. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni ó bẹ̀rẹ̀, nínú ooru gbígbóná. Èyí kò pa ààwẹ̀ lára, nítorí ààwẹ̀ kò ní nǹkan í bá oko ṣe. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá fi irú ìkà bẹ́ẹ̀ gbin iṣu, láàrin ọdún mẹ́wàá yóò máa gbin iṣu sí àsìkò tí ó yẹ kí ó máa wà á.

Kí ni ó wá ń dá ìkà oṣù wa padà sí ipò rẹ̀? Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe àṣẹ ọba. Iṣu ni.

Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀ sọ irú ilẹ̀ tí a wà: Ifẹ̀ tí ó wà nínú ọ̀dàn, pápá tí koríko rẹ̀ ga tí igi rẹ̀ kò sì ki. Ilẹ̀ tí iṣu fẹ́ nìyí. Nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, kí ilẹ̀ tó le, àgbẹ̀ yóò fi ọkọ́ kọ ebè. Àwọn kan a gbin èbù wọn sínú ebè náà kí ọyẹ́ tó dé, wọ́n a sì fi koríko bo orí rẹ̀ kí oòrùn má baà sè é. Àwọn mìíràn a dúró de àkọ́rọ̀ òjò nínú oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Bí ó bá ti hù, wọn a fi igi ti ìtàkùn rẹ̀, wọn a ro ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ní gbogbo àkókò yìí iṣu ti ọdún tí ó kọjá ń dín kù nínú àká. Òjò tí ń mú tuntun hù lóko ni ó ń mú ògbólógbòó hù nínú àká. Èyí tí ó bá hù, adùn rẹ̀ ti lọ, èyí tí ó sì dára jù ti bá èbù lọ sínú ilẹ̀. Nítorí náà láti oṣù karùn-ún lọ, iyán di ohun tí a ń gbóòórùn rẹ̀ nílé olówó. Èlùbọ́, gààrí àti àgbàdo tuntun ni ó ń gbé ènìyàn ró. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ó ń jẹ iyán nílé oúnjẹ nígbàkúùgbà kò lè mọ bí ìdúró yìí ti gùn tó fún àwọn tí ó ṣáájú wa.

Nínú oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ìtàkùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Níbẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tí ebi ń pa yóò fẹ́ wa iṣu rẹ̀ kí ó tó gbó. Bí ó bá sì wà á ní kùtù, omi ni yóò jẹ, èyí tí ó tún burú jù ni pé kò ní rí èbù. Nítorí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ a máa wa ìdí ebè jẹ́jẹ́, a gé iṣu kúrò láìfa ìtàkùn tu, a sì tún dá erùpẹ̀ padà, kí gbòǹgbò náà lè ta èbù fún ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá kánjú jẹ ti òní ti jẹ ti àmọ́dún pẹ̀lú. Báwo ni a ó ṣe dá odindi ìlú dúró kí ebi má baà lé wọn sí èyí? Àwọn baba wa fi í sábẹ́ èèwọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan iṣu tuntun kí òrìṣà tó jẹ ẹ́. Bí ènìyàn bá gbà òrìṣà gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, yóò rí i pé òfin tí ó ní ọgbọ́n ni. Lójú tèmi kò sí òfin oko mìíràn tí a ṣe ní ilẹ̀ yìí láti ìgbà náà tí àwọn ènìyàn ti pa mọ́ tó èyí.

Ní Èjìgbò, òrìṣà tí ń jẹ ẹ́ ni Ògìyán. Àwọn ènìyàn ìlú náà sọ pé Akínjọlé, ọmọ Odùduwà láti Ilé-Ifẹ̀, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, òun kan náà ni Ògìyán. Títí di òní Ògìyán ni orúkọ oyè ọba wọn, a sì tún ń pè é ní Eléjìgbó. Nínú ẹgbẹ́ àwọn òrìṣà funfun ni Ògìyán wà. Òrìṣà Olúfọ́n, tí ìlú rẹ̀ Ìfọ́n kò jìnnà sí wa, ni arúgbó inú wọn. Ògìyán ni ọ̀dọ́, jagunjagun tí ara rẹ̀ le. Gẹ́gẹ́ bí ti àwọn òrìṣà funfun, aṣọ àlà ni tirẹ̀, ìgbín ni ẹran rẹ̀, òrí ni a fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀ dípò epo pupa, emu sì jẹ́ èèwọ̀ fún un. Àwọn kan túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí Òrìṣà tí ń jẹ iyán. Bí ìtumọ̀ náà bá tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn onítàn, ó bá ìwà rẹ̀ mu, nítorí odó àti ọmọ odó jẹ́ àmì rẹ̀.

Ìtàn tí ó tì í lẹ́yìn ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́, nítorí nínú rẹ̀ ni ìdí ọdún náà wà. Pierre Fátúmbí Verger, ará Faransé tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàrin wa tí ó sì kú ní Bahia ní 1996, kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Ògìyán kọ́kọ́ dé Èjìgbò, abúlé kékeré ni. Ọ̀rẹ́ kan bá a wá, babaláwo ni. Babaláwo yìí dá Ifá fún un, ó sọ ẹbọ tí yóò rú kí abúlé náà lè di ìlú, lẹ́yìn náà ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹbọ náà gbà. Ìlú kún, ó ní odi àti oníbodè, ọba sì di ẹni tí a kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba; Kábíyèsí ni gbogbo ènìyàn ń wí.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, babaláwo náà padà wá. Kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Bí ó ti dé ẹnubodè, ó béèrè bí ó ti máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ pé, Ajẹyán ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn oníbodè gbọ́ ọ bí èébú sí ọba wọn. Wọ́n lù ú, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó lọ sọ fún ọba. Ọkùnrin náà fi agbára tí ó ní gbẹ̀san. Fún ọdún méje òjò kò rọ̀ ní Èjìgbò, àwọn obìnrin kò bímọ, àwọn ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Nígbà tí ọba dá Ifá, a wí fún un pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Wọ́n wá a, wọ́n rí i, wọ́n tú u sílẹ̀. Ó sì fi ìbínú wọ igbó lọ. Ọba Èjìgbò fúnra rẹ̀ ni ó tọ̀ ọ́ lọ láti bẹ̀ ẹ́. Babaláwo náà gbà, ṣùgbọ́n ó dá májẹ̀mú kan: ní ọdọọdún, ní àkókò àjọ̀dún rẹ̀, àwọn ará Èjìgbò yóò máa fi ọ̀pá na ara wọn.

Wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú a pín sí apá méjì, Ìṣàlẹ̀ Òṣólò ní ẹ̀gbẹ́ kan, Òkè Mápó ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n a sì kojú ara wọn, wọ́n a fi àtòrì na ara wọn fún ìwọ̀n wákàtí díẹ̀. Àlejò tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé ìjà ìgboro ni, yóò sì wá ọ̀nà sá. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn oníbodè nìkan ni májẹ̀mú náà mú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọba nìkan. Aláìṣẹ̀ kan wà ní ẹ̀wọ̀n ní ìlú, gbogbo ìlú ni ó jẹun tí ó sùn ní àkókò náà, nítorí náà gbogbo ìlú ni yóò fi ara san án. Mo ti rí àwọn tí ó ka ọdún yìí sí ìwà àìlajú. Èmi kò fi ara mọ́ ọn pé kí a na ọmọdé, mo sì mọ̀ pé nínú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ní ìkùnsínú lè fi ti òrìṣà bojú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà kò kéré: kí ọdún tuntun tó wọlé, ìwà ìrẹ́jẹ ti àtijọ́ ní láti gba ìyà rẹ̀ ní gbangba, lójú ọ̀tá àti ọ̀rẹ́, kí ojò tó lè rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni iyán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí odó ti dákẹ́, ìró rẹ̀ yóò tún gba ìgboro kan.

Bí ó ti rí ní Èjìgbò kọ́ ni ó rí níbi gbogbo. Ilé-Ifẹ̀ ní Ẹgbodò tirẹ̀. Àwọn ìlú Èkìtì ní ọdún ìjẹṣu tiwọn. Ní Savalou ní ilẹ̀ Benin, àwọn Mahi, tí wọ́n bá Yorùbá pààlà, a máa ṣe ọdún iṣu ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ilẹ̀ ìlú kan gbẹ ju ti èkejì lọ, òjò a máa dé ọ̀kan ṣáájú òmíràn, iṣu kì í sì í gbó lọ́jọ́ kan náà. Ìlú tí ó bá ṣe ọdún rẹ̀ nítorí pé ìlú kejì ti ṣe tirẹ̀ yóò jẹ iṣu tí kò gbó.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìṣirò oṣù ti dà láàmú. Ní ilẹ̀ Bẹ̀ngálì, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè Bangladesh lónìí tí apá kejì sì wà nínú Íńdíà, àwọn àgbẹ̀ onírẹsì bọ́ sínú wàhálà yìí kan náà. Mùsùlùmí ni àwọn ọba ńlá tí ó ń jọba lé wọn lórí, ọdún Híjírà ni wọ́n sì fi ń gba ìsákọ́lẹ̀. Ọdún Híjírà ń sún síwájú ní ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún; ìrẹsì kò sún. Nígbà tí ó pẹ́, agbowó-ọba a máa dé nígbà tí ìrẹsì ṣì tútù lóko, àgbẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò san. Akbar, ọba tí ó gorí oyè ní 1556, ni ìtàn sọ pé ó tún un ṣe. Ní 1584 ó pàṣẹ ìkà tuntun: kí a fi ọdún tí òun jọba, tí í ṣe 963 ti Híjírà, ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ kí a máa tẹ̀ lé oòrùn dípò oṣù. Àwọn òpìtàn kan rò pé ìkà náà ti wà láti ìgbà ọba Shashanka tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Akbar, èyí tí ó dára láti mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń wá ìṣirò tí yóò mú ojú àwọn ọmọ kíláàsì là, èyí nìyí: láti 963 kan náà ni ìkà méjèèjì ti yà, ní oṣù kẹrin 2025, ìkà Híjírà wà ní 1446, ti Bẹ̀ngálì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 1432. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọjọ́ mọ́kànlá mọ́kànlá ti kó jọ.

Pohela Boishakh ni orúkọ ọjọ́ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù Boishakh. Ní ọjọ́ yìí àwọn oníṣòwò a máa ṣí ìwé ìṣirò tuntun tí wọ́n ń pè ní halkhata. Oníbàárà tí ó jẹ gbèsè a wá san án, a sì fún un ní àkàrà dídùn. Mo rò ó pé ìbátan wà láàrin ìwé gbèsè yìí àti àtòrì Èjìgbò, bí wọn kò tilẹ̀ jọra lójú: gbèsè àná ni méjèèjì fẹ́ parẹ́. Ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, láti 1967 ni àwọn olórin ẹgbẹ́ Chhayanaut ti ń kọrin lábẹ́ igi kan ní ọgbà Ramna bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ti ń mọ́. Ìjọba Pakistan ni ó wà lórí wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sì fẹ́ràn pé kí wọ́n máa gbé àṣà Bẹ̀ngálì ga. Ní 1989 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Dhaka gbé ère àti ìbòjú ńlá jáde, wọ́n tò lọ ní ìgboro, nígbà tí ológun ń ṣe ìjọba. Ní 2016 àjọ UNESCO ka ìtò-lọ yìí mọ́ àwọn ogún àṣà ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ má gbàgbé. Síbẹ̀, Bangladesh fi tirẹ̀ sí ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, àwọn Bẹ̀ngálì ti Íńdíà sì sábà ń ṣe é ní ọjọ́ 15, nítorí wọn kò gba àtúnṣe kàlẹ́ńdà tí àwọn ti ìhà kejì ṣe. Ọba alágbára ṣe òfin, síbẹ̀ kò di ọjọ́ kan náà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ti wọn àti tiwa hàn kedere. Akbar fẹ́ mọ ọjọ́ tí yóò gba owó, nítorí náà ó ní láti jẹ́ ọjọ́ kan fún gbogbo ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa kò sí ẹnì kan tí ń gba ìsákọ́lẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, iṣu sì ni onídàájọ́. Àwọn tí ó fẹ́ fún wa ní ọjọ́ kan ni àwọn tí ń tẹ kàlẹ́ńdà Kọ́jọ́dá. Ìṣirò wọn dára: ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méje nínú oṣù, oṣù mẹ́tàlá nínú ọdún, èyí tí í ṣe 364. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọdún ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, nítòsí ìgbà tí àwọn onífá ń péjọ ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì kà á pé ní 2021 a wọ ọdún 10,063. Ta ni ó ka iye yìí, ibo ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní London tàbí ní Amẹ́ríkà, tí kò ní oko, nílò ọjọ́ kan tí yóò lè kọ sílẹ̀, èmi kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn má ṣe sọ fún ọmọ àgbẹ̀ pé ọdún àwọn baba rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, nígbà tí iṣu bàbá ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ ebè, tí ìtàkùn rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdún bá kúrò lẹ́bàá oko, a rí i ní Brazil. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé Ògìyán dání; Oxaguiã ni wọ́n ń pè é. Ní Salvador ní Bahia wọ́n ṣì ń ṣe ọdún odó rẹ̀, wọ́n ń pín iṣu, wọ́n sì ń fi àtòrì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ara wọn jẹ́jẹ́ láti fi súre fún ara wọn. Ìjà Èjìgbò ti di ìbùkún lọ́wọ́ wọn. Àtòrì ṣì wà, iyán ṣì wà nínú ìtàn; ṣùgbọ́n ìkà àjọ̀dún nínú ilé òrìṣà ni ó ń dá ọjọ́ náà fún wọn, kì í ṣe òjò tí ó ń rọ̀ sí oko wa.

Nílé pẹ̀lú, nǹkan ti yí padà. Ìjọ fún wa ní ìṣọ́ òru ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kejìlá, ó sì fún wa ní Ìdúpẹ́ Ìkórè, níbi tí iṣu ti ń wọ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun a máa fún wa ní ìsinmi ní ọjọ́ ọdún Híjírà. Ẹni tí ó bá gbé inú ìlú kan náà lè wọ ọdún tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin oṣù méjìlá, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣàròyé. Èyí tí ó ṣòro ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Iṣu tuntun láti ọ̀nà jíjìn, títí dé Zaki Biam ní Ìpínlẹ̀ Benue, ń wọ ọjà ìhà ìwọ̀-oòrùn kí ti ìtòsí tó gbó. Ẹni tí ó bá ní owó lè gún iyán iṣu tuntun kí Ògìyán tó fi ẹnu kan tirẹ̀. Èèwọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ṣọ́ èbù mọ́, nítorí èbù ẹni tí ó wa iṣu náà kò sí ní Èjìgbò. Mo ka èyí sí ohun tí ó wúwo ju ìyípadà orúkọ tàbí ọjọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń fa ọdún yìí padà. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé ènìyàn ń gbọ́ èdè Faransé ní ọjà Èjìgbò, ọkọ̀ sì ń ti ibẹ̀ gbéra tààrà lọ sí Abidjan. Àwọn wọ̀nyí kò ka ọdún wọn sí ti Abidjan. Ìgbà tí wọn yóò wálé ni wọ́n fi ń kà á, ẹni tí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀ láìwálé ṣọdún, àwọn ará ilé a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ orí rẹ̀ ni ó ń sọnù.

Fún ẹni tí a bá rán lọ sí ilé-ìwé ní agbègbè wa, ohun kan ń bẹ tí ó lè ṣe tí kò ní náni ju ìwé pátákó kan lọ. Kí ó fa ìlà mẹ́rin sórí rẹ̀, kí ó sì gbé e kọ́ ara ògiri kíláàsì. Ní ìlà kìíní, kí àwọn ọmọ kọ ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Ní ìkejì, ọjọ́ tí oṣù ààwẹ̀ lé. Ní ìkẹta, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí iṣu tuntun lọ́jà, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á ibi tí ó ti wá. Ní ìkẹrin, ọjọ́ tí a kéde ọdún Ògìyán. Ọdún mẹ́ta tó. Bí ó bá di ọdún kẹta, ìlà kejì yóò ti fi nǹkan bí ọjọ́ méjìlélógún kúrò ní ipò rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì fúnra wọn sọ ìdí rẹ̀ fún olùkọ́.